Ìdánwò òògùn fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní Nàìjíríà

Ìdánwò òògùn fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ní Nàìjíríà ni àwọn ìwádìí tí àwọn oníṣègùn àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣe lára ènìyàn láti mọ̀ bóyá òògùn kan lè dín ìrora, ewu tàbí ikú tí àìsàn náà ń fà kù. Àìsàn àbímọ́ni ni fòníkú-fọ̀ladìde: ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, òfin kà á mọ́ àwọn àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n. Ní Nàìjíríà, agbára káká ni a fi lè rí àdúgbò tí a kò ti mọ ẹnì kan tí ó ní in. Ìyàtọ̀ yìí kó ipa púpọ̀ nínú ẹni tí ń sanwó ìdánwò, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, àti ẹni tí òògùn náà ń dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá parí.

Lára àwọn ìdánwò tí ó lórúkọ ni ti orín àtà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ti Niprisan tí wọ́n fi èròjà inú àgbo Yorùbá ṣe, ti hydroxyurea ní Kánò àti Kàdúná, àti ti voxelotor tí ó parí pẹ̀lú kíkó òògùn náà kúrò lọ́jà ní 2024.

Àìsàn náà àti orúkọ rẹ̀

Fòníkú-fọ̀ladìde ni orúkọ tí a sábà máa ń gbọ́ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara pamọ́: ẹni tí ó fi òní kú, tí ó sì fi ọ̀la dìde. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, lẹ́tà méjì ti tó. Wọ́n á ní ẹnì kan jẹ́ SS. Ní apá kejì ààlà, ní Kétu, Pobẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń kàwé ní èdè Faransé, drépanocytose ni wọ́n ń gbọ́ ní ilé ìwòsàn. Kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé, ó ṣeé ṣe kí àìsàn yìí wà lára ohun tí ó ń mú àwọn ọmọ tí a kà sí àbíkú lọ, tí ẹni tí wọ́n bí tẹ̀lé wọn fi ń jẹ́ Málọmọ́, Dúrójayé tàbí Kòsọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sọ pé àbíkú àti fòníkú-fọ̀ladìde jẹ́ ohun kan náà: ibà, èèyi àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa ọmọ púpọ̀ ní ayé ìgbà náà.

Inú hemoglobin ni ìṣòro náà wà, ìyẹn èròjà pupa tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì kéré: ní ipò kẹfà lórí ọ̀kan nínú àwọn okùn tí a fi hun hemoglobin, èròjà tí a ń pè ní valine jókòó sí ibi tí ó yẹ kí glutamic acid wà. Nígbà tí ọ́síjìn bá kúrò lára irú hemoglobin yìí, yóò so mọ́ ara wọn bí ìtì igi, sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yẹ kí ó rí róbótó yóò sì tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti di dòjé kì í pẹ́ kú, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kì í tó. Ó tún máa ń há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, ibẹ̀ sì ni ìkọlù ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú eegun ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, àyà tàbí ìka ọwọ́ ọmọdé. Dókítà James Herrick ní Chicago ni ó kọ́kọ́ ṣe àpèjúwe irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ní 1910. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hemoglobin fúnra rẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Ẹni tí ó gba jíìnì náà lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo ni a ń pè ní AS. Ara rẹ̀ sábà máa ń le, ibà kì í sì í tètè pa á ní kékeré. Ìdí nìyí tí jíìnì náà fi pọ̀ ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn pọ̀ sí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan ní ànfààní kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣi èyí gbọ́, wọ́n á rò pé tí ọmọ àkọ́kọ́ bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá kèké tirẹ̀ ṣẹ́.

Àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n níbì kan

Ní 1983, Amẹ́ríkà ṣe òfin kan láti mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ òògùn kọjú sí àwọn àìsàn tí kò mú owó wọlé. Òfin náà sọ pé àìsàn tí àwọn tí ó ní in kò bá tó 200,000 ní Amẹ́ríkà jẹ́ àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n, àti pé ẹni tí ó bá ṣe òògùn fún un yóò rí ìrànwọ́ owó orí gbà, yóò sì dá òògùn náà tà fún ọdún 7. Yúróòpù tẹ̀lé wọn pẹ̀lú òfin tirẹ̀: ènìyàn 5 nínú 10,000 ni òdiwọ̀n tiwọn, ọdún 10 sì ni ànfààní ọjà.

Nǹkan bí 100,000 ènìyàn ni ó ń gbé pẹ̀lú fòníkú-fọ̀ladìde ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ó wọ inú òfin yẹn. Ní Nàìjíríà, iye ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún tó 150,000 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lò. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan ṣoṣo pọ̀ ju gbogbo àwọn aláìsàn Amẹ́ríkà lọ, àgbà àti ọmọdé. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ òògùn fi ń mọ̀ bóyá òwò wà níbẹ̀ ni ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù.

Ìdí tí àgbo tí ó ṣiṣẹ́ kò fi tó

Kí a tó lo òògùn tuntun fún gbogbo ènìyàn, ìpele mẹ́ta ni ó sábà máa ń là kọjá. Ní ìpele kìíní, ènìyàn díẹ̀ ni yóò lò ó, kí a lè mọ̀ bóyá kò ní ṣe wọ́n léṣe àti ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ní ìpele kejì, àwọn aláìsàn ni yóò lò ó, kí a lè rí àmì pé ó ń ṣiṣẹ́. Ìpele kẹta ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, níbi tí a ti ń fi òògùn náà wé ìtọ́jú mìíràn. Ìṣọ́ra tí a ń ṣe lẹ́yìn tí òògùn ti dé ọjà ni àwọn kan ń pè ní ìpele kẹrin.

Orúkọ àìsàn yìí gan-an ni àlàyé tí ó dára jù fún ìdí tí a fi nílò ìfiwéra. Ẹni tí ó fi òní kú yóò fi ọ̀la dìde, yálà ó mu òògùn tàbí kò mu. Ìkọlù ìrora máa ń dé, á le gan-an, á sì lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ìrora bá le jù ni ẹbí máa ń sáré wá òògùn. Nígbà tí ara bá rọ̀ lọ́jọ́ kẹta, ohun tí wọ́n fún aláìsàn gbẹ̀yìn ni yóò gba ìyìn, ì báà ṣe àgbo, omi àdúrà tàbí kápúsù. Kì í ṣe pé ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ń purọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan kò lè ya ohun tí òògùn ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí àìsàn náà máa ń ṣe fúnra rẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́ méjì. Kèké ni a fi ń pín wọn, kì í ṣe dókítà ni yóò yan ẹni tí ojú rẹ̀ fà á mọ́ra. Ẹgbẹ́ kan yóò gba òògùn, èkejì yóò gba ìtọ́jú tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ tàbí plasíbò, ìyẹn ohun tí ó jọ òògùn náà ní àwọ̀ àti ìrísí ṣùgbọ́n tí kò ní òògùn nínú. Bí ó bá ṣeé ṣe, aláìsàn kò ní mọ èyí tí òun ń lò, dókítà tí ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ náà kò sì ní mọ̀, títí ìwádìí yóò fi parí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ka iye ìkọlù ìrora, iye ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn àti iye ìgbà tí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára.

Orín àtà

Igi àtà ni àwọn Yorùbá ti ń gé gbòǹgbò rẹ̀ fi rún ẹnu láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó máa ń ta ahọ́n, ó sì máa ń mú kí ẹnu kú tipiri. Nígbà tí àwọn olùwádìí ń wò ó bóyá orín náà lè pa kòkòrò ẹnu, wọ́n ṣàkíyèsí pé omi gbòǹgbò rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń tọ́ kòkòrò nínú abọ́ ṣú. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà, tí ó jẹ́ onímọ̀ egbòogi ní Yunifásítì Ifẹ̀, àti W. A. Isaacs kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò náà lè dá sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sí ìrísí rẹ̀. Ní 1975, ìwé mìíràn jáde lórí bí òògùn náà ṣe rí nípa májèlé àti lórí ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe lára àwọn aláìsàn.

Ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ náà kò sọ orín àtà di òògùn tí dókítà ń kọ fún aláìsàn ní gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò sọnù. Ní Burkina Faso, wọ́n lo gbòǹgbò igi kan náà pẹ̀lú bọmubọmu láti ṣe òògùn tí a ń pè ní FACA. Ní Nàìjíríà, àwọn mìíràn yíjú sí òtílí, wọ́n sì fi èso rẹ̀ ṣe Ciklavit, tí wọ́n ṣe ìdánwò rẹ̀ lára 100 aláìsàn ní Èkó. Ìwé ìwádìí náà jáde ní 2005.

Niprisan

Niprisan ni òògùn ìbílẹ̀ Yorùbá tí ó tíì lọ jìnnà jù lọ lójú ọ̀nà ìdánwò òde òní. Àlùfáà P. O. Ògúnyalé, tí ìmọ̀ àgbo náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ni ó fi í lé àjọ NIPRD lọ́wọ́, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìwádìí òògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Charles Wambebe ni ó darí iṣẹ́ náà. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí ẹni tí ó ni ìmọ̀ má bàa pàdánù. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ nígbà náà, ó sì wà lára ohun tí àwọn tí ń kọ̀wé nípa ẹ̀tọ́ onímọ̀ ìbílẹ̀ máa ń tọ́ka sí títí dòní.

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀: èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá nínú wọn. Ìyèré ń wọ inú ọbẹ̀ ìyá ọlọ́mọ. Osùn ni a fi ń pa ọmọ tuntun àti ìyàwó lára. Kànáfùrù nìkan ni ó ti òkèèrè wá, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́rìí sí i, nítorí láti èdè Lárúbáwá ni ó ti gba ọwọ́ àwọn Hausa dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìdánwò tí gbogbo ènìyàn ń tọ́ka sí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Phytomedicine ní 2001. Àwọn aláìsàn 82 ni wọ́n kó jọ. Wọ́n fi kèké pín wọn: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Niprisan, àwọn kan pẹ̀lú plasíbò, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n pààrọ̀, tí ẹni tí ó ń lo plasíbò bọ́ sórí òògùn, tí ẹni tí ó ń lo òògùn bọ́ sórí plasíbò. Ọgbọ́n ńlá ni pípààrọ̀ yìí nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo SS ni ìyà rẹ̀ dọ́gba. Ẹnì kan lè ní ìkọlù méjì lọ́dún, ẹlòmíràn a ní mẹ́wàá. Bí a bá fi aláìsàn wé ara rẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kò ní lè dà wá láàmú tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ni pé iye ìkọlù ìrora líle dín kù nígbà tí àwọn aláìsàn ń lo Niprisan. Wọn kò rí ewu ńlá kankan tí òògùn náà fà. Ṣùgbọ́n kò mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, kò sì hàn pé ó dín àwọn ewu ńlá mìíràn kù. Nígbà tí àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún gbogbo ìdánwò yẹ̀ wò, gbé èyí lórí ìwọ̀n, wọ́n gbà pé ó fi ìrètí hàn, ṣùgbọ́n pé ẹ̀rí náà kò tíì le tó, pé ó yẹ kí a ṣe èyí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ka èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gàn sí òògùn ìbílẹ̀ ti ṣi í kà. Ohun kan náà ni wọn ìbá sọ nípa òògùn òyìnbó èyíkéyìí tí ó bá ní ìdánwò kan ṣoṣo pẹ̀lú ènìyàn 82.

Ní Philadelphia, Efemwonkiekie Iyamu, Toshio Asakura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wo òògùn náà nínú ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé ó ń dènà kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Xechem, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní New Jersey, gba àṣẹ láti máa ṣe é ní 2002. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ òògùn fún àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n. Báyìí ni àgbo tí ó ti ilẹ̀ wá, fún àìsàn tí ó kún ilẹ̀ wa, ṣe di òògùn àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìjọba ẹlòmíràn.

Ní 2006, NAFDAC fọwọ́ sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Nàìjíríà pẹ̀lú orúkọ Nicosan láti ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣẹ́dà, lẹ́bàá Abuja. Kò pẹ́ tí owó fi tán lọ́wọ́ Xechem. Ní oṣù kọkànlá 2008, ilé-iṣẹ́ náà wọ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí onígbèsè, òògùn náà sì di àwátì fún àwọn tí ó ti mọ́ lára. Kì í ṣe ìdánwò ni ó ja Nicosan kulẹ̀. Owó iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, NIPRD tún bá ilé-iṣẹ́ May & Baker Nigeria ṣe àdéhùn láti gbé òògùn náà dìde. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan mú èròjà inú rẹ̀, wọ́n pè é ní SCD-101, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ láti ìpele kìíní.

Ẹni tí ó bá se ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà pọ̀ nínú ìkòkò kò tíì ṣe Niprisan. Ìwọ̀n èròjà kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe fà á jáde àti bí wọ́n ṣe gbẹ ẹ́ ni ìdánwò náà jẹ́rìí sí, kì í ṣe orúkọ àwọn igi náà.

Hydroxyurea àti àwọn ọmọ Kánò

Hydroxyurea kò ní ìtàn tí ó dùn ún gbọ́ bíi ti Niprisan, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀rí rẹ̀ le jù. Òògùn jẹjẹrẹ ni tẹ́lẹ̀. Ó máa ń mú kí ara tún bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè irú hemoglobin tí ọmọ ń lò nínú oyún, èyí tí kì í tẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò kan lára àgbàlagbà 299, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1995, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1998. Ìbẹ̀rù tí ó kù ni bóyá ọmọ Áfíríkà tí ibà ń ṣe lójoojúmọ́ lè lò ó láìséwu. Ìdánwò REACH, tí wọ́n ṣe lára ọmọ 606 ní Àǹgólà, Kóńgò Kinshasa, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, dáhùn ìbéèrè náà ní 2019: ìrora dín kù, ikú dín kù, ibà pàápàá dín kù.

Ti Nàìjíríà dá lórí rọpárọsẹ̀ tí ó ń ti inú ọpọlọ wá, èyí tí ó lè kọlu ọmọ SS kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní 1998, ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà lára ọmọ 130 ti fi hàn pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí àwọn ọmọ tí ó wà nínú ewu lára lóṣooṣù ń dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni Nàìjíríà yóò ti rí ẹ̀jẹ̀ tí ó mọ́, tí ó tó, lóṣooṣù, fún irú iye ọmọ bẹ́ẹ̀? Najibah Galadanci, Shehu Abdullahi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní àríwá, pẹ̀lú Michael DeBaun ti Yunifásítì Vanderbilt, gbé hydroxyurea wò dípò ẹ̀jẹ̀. Nínú ìdánwò SPRING, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, ọmọ 220 ní Kánò àti Kàdúná ni wọ́n fi kèké pín sí ẹgbẹ́ méjì: àwọn kan gba ìwọ̀n kékeré, àwọn kan gba ìlọ́po méjì rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó gba plasíbò nínú rẹ̀, èyí sì yẹ ní àkíyèsí. Nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé òògùn náà ń ṣiṣẹ́, kò tọ́ mọ́ láti fi í du ọmọ kankan nítorí ìwádìí. Èsì rẹ̀ ni pé rọpárọsẹ̀ ṣọ̀wọ́n nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kò sì sí ìyàtọ̀ tí ó dájú láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó lo ìwọ̀n ńlá kì í sábà dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó àwọn yòókù. Fún orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, ìròyìn ayọ̀ ni: ìwọ̀n kékeré tí kò wọ́nwó, tí kò sì nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, lè gba ọmọ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bond Chemical ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, sì ń ṣe hydroxyurea náà nílẹ̀ yìí.

Voxelotor

Ní 2019, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí voxelotor, tí wọ́n ń tà ní Oxbryta, nítorí pé ó mú hemoglobin aláìsàn gòkè. Kò tíì dájú nígbà náà pé ó ń dín ìkọlù ìrora kù. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà máa ṣe ìdánwò mìíràn lọ. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kó ọmọdé jọ fún èyí tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ka èsì, ikú láàárín àwọn tí ó ń lo òògùn náà pọ̀ ju bí wọ́n ti retí lọ, Pfizer sì kó o kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé ní oṣù kẹsàn-án 2024. Ó dára kí a fi èyí wé Niprisan: ọ̀kan dín ìrora kù láìmú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, èkejì mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i láìsí ẹ̀rí tí ó dájú pé ara aláìsàn rọ̀. Nọ́ḿbà tí ó gòkè nínú ìwé àyẹ̀wò kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìlera.

Ìfọwọ́sí àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń béèrè rẹ̀

Òfin tí ó ń darí ìwádìí ìṣègùn ní Nàìjíríà lónìí kò ṣẹ̀yìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1996. Nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ènìyàn níbẹ̀, Pfizer fi òògùn Trovan dán ọmọdé wò: ọmọ 200 ni wọ́n lò, ìdajì gba Trovan, ìdajì gba òògùn mìíràn. Ọmọ 11 ni ó kú. Àwọn ẹbí ní àwọn kò mọ̀ pé ìdánwò ni; Pfizer ní àrùn náà ni ó pa àwọn ọmọ, kì í ṣe òògùn. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ náà bá ìjọba Kánò parí ẹjọ́ pẹ̀lú 75 mílíọ̀nù dọ́là. Ní 2007, Nàìjíríà gbé ìlànà ìwà tí ó tọ́ nínú ìwádìí ìlera jáde, òfin ìlera ti 2014 sì fi agbára òfin ti ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó o lẹ́yìn. Kò sí ìdánwò òògùn tí ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ àti NAFDAC ti fọwọ́ sí i.

Ìwé ìfọwọ́sí gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Níbí ni iṣẹ́ pọ̀ sí ju bí àwọn onísáyẹ́ǹsì ti máa ń rò lọ. Ọ̀rọ̀ náà “ìdánwò” fúnra rẹ̀ ní ìtumọ̀ méjì mìíràn tí ó tètè ń wá sí ọkàn: èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe ní ilé-ìwé, àti èyí tí onígbàgbọ́ ń gbàdúrà kí ó má bọ́ sínú rẹ̀. Ìyá tí a bá sọ fún pé ọmọ rẹ̀ yóò wọ inú ìdánwò lè gbọ́ ohun tí a kò sọ. Plasíbò kò ní orúkọ Yorùbá tí gbogbo ènìyàn gbà. Bí a bá pè é ní ayédèrú òògùn, ẹbí yóò rò pé jìbìtì ni. Ó sàn kí a ṣe àlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta ju kí a dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún un lọ. Ohun tí ó gbọ́dọ̀ yé òbí ni pé ọmọ òun lè má gba òògùn tuntun náà, pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá ó dára, àti pé òun lè yọ ọmọ òun kúrò nígbàkígbà láìpàdánù ìtọ́jú.

Yewa àti agbègbè ààlà

Ìlaròó ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, Ayétòrò sì ni ti Àríwá Yewa. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí ó sún mọ́ wọn wà ní Abẹ́òkúta, Ṣàgámù àti Èkó. Ìdánwò òògùn nílò ilé àyẹ̀wò, iná tí kì í kú lórí fìríìjì, àti aláìsàn tí ó lè padà wá lóṣooṣù. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ìlú tí ó ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ni ó sábà máa ń bọ́ sí. Ẹni tí ó ń ti Ìlaròó tàbí Ìmẹ̀kọ lọ síbẹ̀ yóò san owó ọkọ̀, yóò sì pàdánù ọjọ́ ọjà. Bí àwọn tí ó ń ṣètò ìwádìí kò bá sanwó yìí, àwọn ará ìlú ńlá nìkan ni èsì rẹ̀ yóò jẹ́rìí fún.

Ní apá kejì, Kùtọ̀nú kò jìnnà. Láti àwọn ọdún 1990 ni Chérif Rahimy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò níbẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn tí ó jẹ́ SS láti kékeré pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára, penicillin, òògùn ibà àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ fún ìyá. Wọn kò fi kèké pín ẹnikẹ́ni, nítorí náà kì í ṣe ìdánwò òògùn ní ìtumọ̀ tí ó le. Síbẹ̀, ikú láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n tẹ̀ lé láti ìgbà ìbí kéré ju ti àwọn ọmọdé orílẹ̀-èdè Benin lápapọ̀ lọ, kò sì sí òògùn tuntun kankan nínú ohun tí wọ́n lò.

Ìdílé púpọ̀ ní Yewa ní ìbátan ní ìhà méjèèjì ààlà, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Ìwé àyẹ̀wò tí ọkùnrin gbà ní Pobẹ̀ yóò wà ní èdè Faransé, ti obìnrin tí ó gbà á ní Ayétòrò yóò wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà AA, AS àti SS ni kì í yí padà nínú méjèèjì.